Àwọn Tó Múlé Tì Wá

Ẹ̀yin ará wa ní Ìlaròó, ní Ayétòrò, ní Ìmẹ̀kọ, ní Ìpókíá, ní Ọjà-Ọ̀dàn, àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa láti Pọ́bẹ̀ àti Kétu, torí mo mọ̀ pé ohùn rédíò kì í dúró gba òǹtẹ̀ lẹ́nubodè, mo kí yín o. Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí ọkọ̀, ẹ rọra wà á, ọ̀rọ̀ mi ò ní sá lọ.

Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ aládùúgbò ni wọ́n ní kí n bá yín sọ lónìí. Ọ̀rọ̀ náà ti di ohun tí a ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, tí a ń gbọ́ ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, débi pé kì í ta wá létí mọ́. Wọ́n á ní ká fẹ́ràn ọmọnìkejì wa, a ó ṣe àmín, a ó sì dìde lọ jẹun. Nítorí náà, mi ò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí àga ìwàásù. Oṣù kejì ọdún 2021 ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Yewa.

Ẹ ò tíì gbàgbé. Ọ̀rọ̀ àwọn darandaran àti àwọn àgbẹ̀ ti kúrò ní ẹjọ́ màlúù jẹ oko, ó ti di ẹjọ́ ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ń pa èèyàn lóko, wọ́n ń pa èèyàn nílé. Ẹ̀gùá, Àsá, Agbọ́n-Òjòdù, àwọn ibi tí ẹni tó wà ní Èkó kò gbọ́ orúkọ wọn rí, wá di ohun tí wọ́n ń pè nínú ìròyìn títí dé Àbújá. Iná jó ilé, iná jó abà. Àgbẹ̀ fi ègé sílẹ̀ nínú ilẹ̀, ó fi àgbàdo sílẹ̀ nínú àká, ó kó ọmọ, ó kó ẹní, ó gbéra. Àwọn kan gba ọ̀nà Ayétòrò àti Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà, wọn ò sì kéré, tó jẹ́ pé apá ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n kọjú sí. Wọ́n sọdá sí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e nígbà náà: ọmọ Nàìjíríà di ẹni tó ń wá ibi ìsádi nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Èmi ò rò pé ẹnikẹ́ni nínú wa ti lálàá pé irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ máa jáde. Àwa la máa ń sọ pé àwa ni ẹ̀gbọ́n, àwa la pọ̀, àwa la lówó.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó mú ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Lọ́jọ́ tí àwọn èèyàn wa ń sá lọ yẹn, ẹnubodè Ìdí-Ìrókò ṣì wà ní títì, Nàìjíríà ló sì tì í. Ogúnjọ́ oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba àpapọ̀ ti bọ́dà pa. Wọ́n ní ìrẹsì òkè òkun ń gba ibẹ̀ wọlé, wọ́n ní epo bẹntiróòlù wa ń gba ibẹ̀ jáde, wọ́n ní ìbọn ń bá a wọlé. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Ṣùgbọ́n lóṣù kọkànlá ọdún kan náà, iléeṣẹ́ aṣọ́bodè tún pàṣẹ pé kí wọ́n má gbé epo lọ sí ilé epo kankan tó bá wà láàárín ogún kìlómítà sí ààlà. Ẹ ro ti ẹni tó ń fi ẹ̀rọ lọ ègé ní Ìmẹ̀kọ, ẹ ro ti ọlọ́kadà tó ń gbé aboyún lóru. Ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ ni pé ilé bàbá wọn súnmọ́ ààlà. Nígbà tó di oṣù kejìlá ọdún 2020 tí wọ́n ṣí ẹnubodè mẹ́rin, tí Ṣẹ́mẹ̀ wà nínú wọn, Ìdí-Ìrókò kò sí níbẹ̀. Oṣù kẹrin ọdún 2022 ló tó kàn wá.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Àwọn tí a tìlẹ̀kùn mọ́ lójú lọ́dún 2019 ni a kó ọmọ àti ẹní tọ̀ lọ lọ́dún 2021. Wọ́n sì gbà wá.

Kí ló dé tí wọ́n fi gbà wá? Kì í ṣe pé wọ́n sàn jù wá lọ. Ìtàn ló wà níbẹ̀, mo sì fẹ́ ká dúró nídìí ìtàn yẹn díẹ̀, torí àwọn ọmọ wa ń lo máàpù orí fóònù báyìí, wọ́n ń rí ìlà tó là wá láàárín, wọ́n sì rò pé Ọlọ́run ló fà á.

Lọ́jọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1889, ní Paris, Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì àti Òyìnbó Faransé fọwọ́ sí ìwé kan tó fa ìlà láti etí òkun lọ sókè. Alákétu kò sí níbẹ̀. Onímẹ̀kọ kò sí níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ sí Olú Ìlaròó. Nígbà tí wọ́n wá ń gbé ìlà náà kalẹ̀ lórí ilẹ̀ gan-an, Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ Kétu ló ń wò bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Ìfọ̀nyìn bá ara wọn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ní Ìlárá, ìlà náà gba àárín ìlú kọjá, títí dòní ni Ìlárá ti Nàìjíríà àti Ìlárá ti Bẹ̀nẹ̀ sì ń gbọ́ ohùn ara wọn. Ọmọ ìyá kan ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì níléèwé, èkejì ń kọ́ Faransé. Ọ̀kan ń ná náírà, èkejì ń ná séfà. Tí òkú bá kú, wọ́n á pàdé nídìí sàréè kan náà.

Ogun Dàhọ̀mì kò tíì rọlẹ̀ nígbà tí wọ́n fa ìlà yẹn. Ọdún 1886 ni ogun Dàhọ̀mì fọ́ Kétu, tí wọ́n kó àwọn èèyàn ibẹ̀ lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀. Gbogbo agbègbè wa ló mọ ìtumọ̀ kí èèyàn máa sùn kó má tú ṣòkòtò. Lẹ́yìn náà ni Faransé ṣẹ́gun Dàhọ̀mì, àwọn tó kù lára Kétu sì padà wá tún ìlú wọn ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó lé ẹkùn lọ fún ọ náà lè wá sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá ilé. Nígbà Ogun Àgbáyé àkọ́kọ́, Faransé ń fipá mú ọ̀dọ́kùnrin wọṣẹ́ ológun, wọ́n ń gba owó orí, wọ́n ń kó èèyàn ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́. Àwọn Ọ̀họ̀rí tó wà lábẹ́ Faransé ò gbà, wọ́n ṣọ̀tẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn mìíràn ò jà, wọ́n kàn di ẹrù wọn lóru, wọ́n sọdá síbí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Aṣíwájú, ọmọ bíbí Ìmẹ̀kọ, kọ ìwé ńlá kan lórí bí ìjọba àwọn Òyìnbó méjèèjì ṣe rí lára ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá. Ọdún 1976 ni ìwé náà jáde, gbogbo ìrìn yìí ló sì wà níbẹ̀. Kódà ẹ ò nílò ìwé. Ẹ lọ sí ìdílé tí oríkì wọn ń dárúkọ Kétu tàbí Ọ̀họ̀rí ní abúlé yín, ẹ bi àgbàlagbà ibẹ̀ nípa bí bàbá-ńlá wọn ṣe dé. Ẹ ó gbọ́ pé ẹnì kan fún wọn nílẹ̀, ẹnì kan fún wọn ní ègé tí wọ́n gbìn.

Àáró ni, ẹ̀yin ará mi. Ẹni tó bá ti dá oko rí mọ̀ bí àáró ṣe ń rí: mo bá ọ ro tìẹ lónìí, ìwọ náà á wá bá mi ro tèmi. Ohun tó kàn yà á sọ́tọ̀ ni pé àáró yìí gba ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó yí kàn wá, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì ti kú kí ó tó yí. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé ìfẹ́ aládùúgbò jẹ́ ọ̀rọ̀ inú dídùn, pé kí ọkàn ẹni máa yọ́ sí ẹlòmíì. Ọkàn àwọn bàbá wa tó gba àlejò nígbà yẹn, àti ọkàn àwọn tó gbà wá lọ́dún 2021, lè má yọ́ rárá. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa kùn. Oúnjẹ ò pọ̀, yàrá ò tó, àlejò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà wọ́n sílé.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé, "Ṣé ìwọ ń sọ pé a ò níṣòro pẹ̀lú àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ àti àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wa ká ni?" Rárá o. Kí a má fi ara wa ṣe ẹni mímọ́, kí a má sì fi wọ́n ṣe áńgẹ́lì. Lóṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà ní kí gbogbo àjèjì tí kò níwèé kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn Yorùbá tó ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ìran bàbá wọn sì di ẹni tó ń ta àga àti bẹ́ẹ̀dì lọ́pọ̀. Wọ́n kọjá ní Tógò, wọ́n kọjá ní Dàhọ̀mì kí wọ́n tó délé. Ẹ ó rò pé ìyà yẹn á kọ́ wa lọ́gbọ́n. Lóṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà náà ní kí àwọn àjèjì jáde, ó sì fún wọn ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bíi mílíọ̀nù kan ọmọ Gánà ló gbéra, wọ́n há sójú ọ̀nà nítorí pé Gánà fúnra rẹ̀ ti ti bọ́dà tirẹ̀, Bẹ̀nẹ̀ náà sì tì. Báàgì onílà pupa àti búlúù tí wọ́n fi di ẹrù ni a fi orúkọ wọn pè títí dòní, a sì ń fi rẹ́rìn-ín. Mo máa ń ṣe kàyéfì pé ohun tí a rántí nínú gbogbo ẹkún yẹn ni báàgì.

Mo fẹ́ dárúkọ ọkùnrin kan kí n tó kúrò lórí ọ̀rọ̀ ìlà. Samuel Bilewu Oshoffa, tí wọ́n bí ní Àjàṣẹ́ lẹ́yìn ìlà, tó dá Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1947, Ìmẹ̀kọ ni wọ́n sin ín sí lọ́dún 1985. Gbogbo ọdún Kérésìmesì ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláṣọ funfun ń wá láti ẹ̀yìn ìlà sí Ìmẹ̀kọ, tí onílé ń fi yàrá sílẹ̀ fún àlejò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń gba ẹni tí a ò mọ̀ sílé, kó wá lọ wo Ìmẹ̀kọ lóṣù kejìlá. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbà wọ́n kì í ṣe ọmọ ìjọ wọn.

Ó dáa. Títí di ìsinsìnyí, ohun tó rọrùn ni mo ń sọ. Ará Kétu ń sọ èdè wa, ilà ojú rẹ̀ jọ ti ìyá wa àgbà. Tí a bá fẹ́ràn rẹ̀, kí ni a ṣe? Ẹni tó ṣòro ni èkejì, ẹni tí kò jọ wá.

Àwọn Fúlàní ti ń gbé ní ilẹ̀ Yewa tipẹ́. Àwọn kan nínú wọn, ibí ni wọ́n bí wọn sí, wọ́n ń sọ Yorùbá bíi tiwa, ọmọ wọn ń bá ọmọ wa lọ iléèwé, wàrà tí à ń rà láàárọ̀, ọwọ́ ìyàwó wọn ló ti ń wá. Nígbà tí ìjà 2021 dé, wọ́n dáná sun ilé àwọn kan lára wọn náà. Àwọn náà kó ọmọ, wọ́n sá. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa bínú sí mi pé mo dárúkọ èyí. Ẹni tí wọ́n pa bàbá rẹ̀ lóko ní Àsá kò fẹ́ gbọ́ ọ. Mi ò dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a ń sọ nìyí, tí a kò bá sì lè sọ ọ́ níhìn-ín, kí a pa rédíò.

Èrò tèmi rèé. Ẹni tó bá pa èèyàn, kí òfin mú un, kó má ṣe sí ọ̀gá kankan tó máa pe tẹlifóònù kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ẹni tí màlúù rẹ̀ bá jẹ oko, kó san owó oko. Lọ́dún 2021 yẹn náà ni ìpínlẹ̀ Ògùn ṣòfin tó ní kí wọ́n má fi màlúù jẹ̀ káàkiri mọ́. Kí wọ́n lo òfin náà, kó má wà nínú ìwé lásán. Ṣùgbọ́n kò sí ẹjọ́ tí a lè fi èdè dá. Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi ìpànìyàn nítorí pé èdè tí ìyá rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún jọ ti apànìyàn. Ibi tí ẹrú ti wá, ó ní baba. Ọ̀nà ló jìn.

Àwọn tó ń ka Bíbélì nínú wa, ẹ rántí pé nígbà tí amòfin kan bi Jésù léèrè ẹni tí aládùúgbò òun jẹ́, kò fi ọmọ ìyá ọkùnrin náà ṣe àpẹẹrẹ. Ará Samáríà ló mú, ẹ̀yà tí àwọn Júù kì í bá da nǹkan pọ̀. Ẹni tí wọ́n kórìíra ló di ẹni tó di ọgbẹ́. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ lọ wo ẹsẹ kẹrìndínlógójì nínú Súrà Nísáì: aládùúgbò tó jẹ́ ìbátan àti aládùúgbò tí kì í ṣe ìbátan, àwọn méjèèjì ni Ọlọ́run dárúkọ níbẹ̀. A ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbọ́ ìwàásù lórí àwọn ibi méjèèjì yìí, ó kù kí a gbé e dé oko Yewa.

Aládùúgbò náà ní iṣẹ́ tirẹ̀ o. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín, ẹ̀yin olórí àwọn Fúlàní tí ẹ gbọ́ Yorùbá tí ẹ ń gbọ́ mi. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Tí àwọn àjèjì darandaran bá gbé ìbọn wọ inú gáà yín, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ mọ̀. Kí ẹ sọ fún Baálẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìfẹ́ tó wà lápá kan ṣoṣo kò pẹ́ kó tó di ìbínú.

Òwe kòkòrò yẹn kan àwa Yewa pàápàá, ibi tí yóò ti dùn wá náà ni mò ń lọ. Fàyàwọ́. Ẹ má pa rédíò. Gbogbo wa la mọ ilé tí owó fàyàwọ́ kọ́. Ọmọ wa ni, ọmọ dáadáa ni, ó ń dáwó ní ọjọ́ ìkórè, ó ra àga fún mọ́ṣáláṣí. Àìríṣẹ́ ló gbé e débẹ̀, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n mọ́tò tó kó ìrẹsì, tí wọ́n ti yọ àga ẹ̀yìn rẹ̀, tó ń sáré láìtan iná lóru láàárín abúlé, ta ni aládùúgbò ẹni tó ń wà á? Ọmọ tó fẹ́ sọdá títì lọ pọnmi ni. A máa ń pa á, a ó sin ín, ẹnikẹ́ni ò ní sọ̀rọ̀ torí pé "ọmọ wa ni". Àwọn aṣọ́bodè tó ń lé e náà ń yìnbọn láàárín ọjà. Àwọn náà ní aládùúgbò. Àwọn míì nínú wọn ń háyà yàrá lọ́dọ̀ wa, ìyàwó wọn ń ra ata lọ́wọ́ ìyàwó wa. Ẹni tó bá ń yìnbọn sí àárín àwọn tó ń ta ata fún un ti gbàgbé ibi tó ń sùn.

Níbi ọ̀rọ̀ ìbọn yìí, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà mọ̀ sórí. Láti oṣù kejìlá ọdún 2017, òfin orílẹ̀-èdè yìí sọ pé ilé ìwòsàn kankan, ti ìjọba ni o, ti aládàáni ni o, kò gbọdọ̀ lé ẹni tí ìbọn bà padà. Wọn ò gbọdọ̀ ní kó lọ gba ìwé wá lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀. Wọn ò gbọdọ̀ ní kó kọ́kọ́ sanwó kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ ló máa fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí méjì. Òfin yẹn kan náà sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá wà níbẹ̀, títí kan àwọn agbófinró, gbọ́dọ̀ ran ẹni tí ìbọn bà lọ́wọ́. Nítorí náà, tí nọ́ọ̀sì bá ń sọ fún yín pé "ẹ lọ gba ìwé ọlọ́pàá wá", ẹ sọ fún un pé òfin ti yí padà. Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó jẹ́ pé tí ọ̀kadà méjì bá forí gbárí, fóònù lẹ máa ń kọ́kọ́ yọ láti ya fídíò, ẹ fi fóònù yẹn pe ẹni tó ní mọ́tò.

Mo ti sọ̀rọ̀ ìlú púpọ̀. Ẹ jẹ́ ká wọ inú ilé díẹ̀, ní àdúgbò tuntun tó ń yọ ní Ìlaròó, pàápàá ní ìtòsí Pólì. Ọdún 1979 ni wọ́n dá Pólì Ìlaròó sílẹ̀, láti ìgbà náà ni ilé tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ sílé ti ń pọ̀ sí i. A ń mọ ògiri ga. A ń to ìgò fífọ́ sórí rẹ̀. Mi ò bá yín jà lórí ìyẹn, olè wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ògiri tí kò mọ orúkọ ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri, tí iná bá ràn nílé rẹ̀, ta ni yóò pè? Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Ibi tí ẹ kọjú ẹnu èéfín rẹ̀ sí ni mo fẹ́ bi yín. Májèlé inú èéfín yẹn kì í rùn, kì í sì í dá ohùn kankan, ṣùgbọ́n ó ti pa ìdílé odindi lójú oorun ní orílẹ̀-èdè yìí. Ẹni tó gbé jẹnẹrétọ̀ sábẹ́ fèrèsé aládùúgbò rẹ̀, tó tún wá lọ gba àdúrà fún un lọ́jọ́ Àìkú, kí Ọlọ́run dárí jì í. Gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí náà wà níbẹ̀, mo kàn fẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni, torí pé ẹ̀yin tí ẹ ní in àti ẹ̀yin tí kì í jẹ́ kí ẹ sùn, ẹ mọ ara yín. Ti akẹ́kọ̀ọ́ tí onílé fi kún owó rẹ̀ láàárín ọdún, nígbà tó mọ̀ pé ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ kan, ìyẹn ò nílò àlàyé.

Ọ̀rọ̀ WhatsApp ni mo máa fi kásẹ̀ gbogbo èyí nílẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ lórí rẹ̀ báyìí, ó sì wúlò. Nígbà tí owó náírà wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, orí rẹ̀ la ti ń mọ ibi tí onípọ́ọ̀sì kan ṣì ti ní owó, tí aládùúgbò ti ń sọ pé "wá gba ẹgbẹ̀rún méjì, tí o bá rí tìẹ padà kí o mú un wá". Ìfẹ́ nìyẹn, kò sí ohùn orin nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ náà ni ẹnì kan á ti kọ pé obìnrin báyìí ni àjẹ́, tàbí pé wọ́n rí ajínigbé nílé báyìí, kó tó di ìrọ̀lẹ́ èèyàn ti kó taya dání.

Ilẹ̀ wa ní ọ̀nà tí a fi ń bá aṣebi wí ní gbangba kí WhatsApp tó dé. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni. Láti Kétu dé Ìmẹ̀kọ dé Ìlaròó, a mọ alẹ́ Ẹ̀fẹ̀. Akọrin á jáde sáàárín ọjà lóru, á kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá wa, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin tú àṣírí: ẹni tó jí ilẹ̀ ọmọ òrukàn, ọkọ tó fi ìyàwó sílẹ̀ nínú oyún, ìjòyè tó gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ó ń sọ ọ́ níbi tí ẹni tó ń bá wí wà, níbi tí ìyá onítọ̀hún jókòó sí. Tó bá purọ́, wọ́n mọ ilé rẹ̀. UNESCO gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ga lọ́dún 2001, Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò ni wọ́n jọ kọ orúkọ wọn sí i. Mi ò sọ pé kí gbogbo yín wọ ẹ̀kú o, àwọn pásítọ̀ àti ààfáà á bá mi jà. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí a tó fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ nípa aládùúgbò, kí a bi ara wa bóyá a lè sọ ọ́ lójú rẹ̀, níwájú ìyá rẹ̀. Tí a kò bá lè sọ ọ́, kí a pa á rẹ́.

Àkókò mi ti ń lọ, ọ̀gá tó wà nídìí ẹ̀rọ ti ń wò mí. Ẹ̀yin tó jẹ́ pé ẹ sọdá lọ́dún 2021, tí ẹ ti padà sílé báyìí, tí ẹ ti tún ilé kọ́, tí ẹ ti wú ègé tuntun, ẹ̀yin ni mo ní ẹ̀bẹ̀ sí. Ìdílé kan wà lọ́hùn-ún tó fún yín ní yàrá. Ẹ ò lè san án, wọn ò sì béèrè. Ṣùgbọ́n ẹ di gàrí díẹ̀, ẹ mú àwọn ọmọ yín dání, ẹ lọ kí wọn, kí àwọn ọmọ náà mọ ojú ara wọn, kó má di pé ọgọ́rùn-ún ọdún mìíràn á kọjá kí ẹnì kan tó tún rántí. Bọ́dà ti ṣí láti oṣù kẹrin ọdún 2022. Ẹ lọ.